Oúnjẹ Ọ̀nà ní Ẹnubodè Yewa

Ẹni tó bá wọ ilé oúnjẹ ní Owódé Yewa, tó jókòó, tó wá ní "Ẹ fún mi lóúnjẹ," ìbéèrè méjì ni wọ́n máa fi dá a lóhùn: "Kí lẹ fẹ́ jẹ? Ti èló?" Bí èsì kò bá yá lẹ́nu rẹ̀, ẹni tó tò sẹ́yìn rẹ̀ á gba iwájú kọjá. Kì í ṣe pé inú ń bí olóúnjẹ. Ilé oúnjẹ ojú ọ̀nà ní òfin tirẹ̀ ni, àwọn tó ń ti Ìlaròó lọ sí Ìdíìrókò sì mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sára ògiri. Òkèlè, owó la fi ń dá a. Ẹran, ẹyọ la fi ń kà á. Ọbẹ̀ kò níye. Ẹni tó mọ̀nà á dúró nídìí ìkòkò, á kí ìyá olóúnjẹ, á ní: "Ẹ kú ọjà o, Màmá. Láfún ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, ewédú àti ata, ṣàkì kan, pọ̀ǹmọ́ méjì." Ó parí nìyẹn. Kó tó fọwọ́ tán, àwo ti dé iwájú rẹ̀.

Àlejò sábà máa ń rò pé ọ̀fẹ́ ni ọbẹ̀ yìí. Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Owó epo, owó ata, owó irú àti ti igi ìdáná, ara ẹran ni gbogbo rẹ̀ wà, ìdí sì nìyẹn tí ẹyọ ẹran kan níbẹ̀ fi wọ́n ju ti ọ̀dọ̀ alápatà lọ. Ẹni tó ra òkèlè láì ra ẹran, ọbẹ̀ tí ẹlòmíràn sanwó rẹ̀ ló ń jẹ, ọ̀pọ̀ olóúnjẹ kì í sì í gbà fún un lọ́sàn-án gangan nígbà tí èrò bá pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọbẹ̀ bá tán nínú àwo nígbà tí òkèlè ṣì kù, kò sí ìtìjú nínú kéèyàn gbé àwo dìde kó ní, "Màmá, ẹ bá mi fi ọbẹ̀ díẹ̀ sí i." Ènì nìyẹn. Ìyá tó mọṣẹ́ á bù ú láì janpata, torí ara ọbẹ̀ lòkìkí rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá ń júwe ilé oúnjẹ kan fún èèyàn láti Ìlaròó, wọn kì í sọ pé òkèlè rẹ̀ le tàbí ó rọ̀. "Ìyá tí ewédú rẹ̀ máa ń fà yẹn" ni wọ́n máa ń wí.

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Sweden ti ṣàlàyé tiwọn fún mi. Lọ́hùn-ún, iye kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ sẹ́nu ọ̀nà fún oúnjẹ ọ̀sán. Búrẹ́dì, ewébẹ̀ tútù, omi àti kọfí wà nínú iye yẹn, ẹni tó wá jẹun ló sì sábà máa ń bu èyí tó bá fẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ní ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò bá pọ̀, ọ̀sán ni kó jẹun níta, torí iye tí wọ́n ń gbà lálẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ gan-an. Àwọn náà ń fi owó nǹkan kan pamọ́ sínú òmíràn bíi tiwa. Omi la ti yàtọ̀. Omi ẹ̀rọ ni wọ́n ń gbé ka iwájú àlejò níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bẹ̀rù rẹ̀. Lójú ọ̀nà tiwa, omi inú dírọ́ọ̀mù wà fún ọwọ́ fífọ̀, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Píọ̀ wọ́tà ni kéèyàn rà mu, kó sì wò ó bóyá nọ́ńbà àjọ NAFDAC wà lára ọ̀rá rẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ fún arìnrìn-àjò pé ibi tí awakọ̀ bá ti ń jẹun ni kó yà sí. Ìdajì òótọ́ ló wà níbẹ̀. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó bá kó èrò wá sílé oúnjẹ kì í sábà sanwó. Ìyá olóúnjẹ á ti bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ pẹ̀lú ẹran ńlá, torí òun ló kó oníbàárà wá. Àdéhùn ló gbé e yà síbẹ̀. Oúnjẹ ibẹ̀ lè dùn, ó sì lè má dùn. Awakọ̀ tírélà ni èmi máa ń wò. Láti ọdún 2012 tí Dangote ti ṣí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì rẹ̀ ní Ìbèṣè, tírélà kò wọ́n mọ́ lójú ọ̀nà agbègbè yìí. Àwọn tó ń wà á kò gbé èrò. Owó àpò ara wọn ni wọ́n fi ń jẹun lójoojúmọ́, wọn kì í sì í padà síbi tí inú bá ti run wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Àwọn obìnrin ọjà tún dára láti tẹ̀ lé ju awakọ̀ lọ. Aláta mọ olóúnjẹ tó ń ra ata tó le, tó pọ́n, ó sì mọ èyí tó ń dúró di ìrọ̀lẹ́ kó lè ra èyí tó ti ń jẹrà ní ẹ̀dínwó. Bí mo bá rí aláta tó kúrò nídìí igbá rẹ̀, tó fi owó ara rẹ̀ jẹun lọ́dọ̀ olóúnjẹ kan, ibẹ̀ lèmi náà ń lọ.

Iná ni mo máa ń wò lẹ́yìn ìyẹn. Ìdájí ni wọ́n ti ń gbé ọbẹ̀ kaná ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ wọ̀nyí. Láàárín agogo 11 sí agogo 2, ìkòkò ṣì wà lórí iná, ọbẹ̀ ń hó, ẹran ṣì pọ̀ tí èèyàn lè ṣà. Lẹ́yìn agogo 3, wọ́n ti sọ iná kalẹ̀, ohun tó kù sínú ìkòkò ti ń tutù. Ìrora ni mo fi kọ́ èyí. Mo ń ti Ìmẹ̀kọ bọ̀ lọ́dún kan, agogo 5 ìrọ̀lẹ́ ti kọjá kí n tó ráyè jẹun ní ilé oúnjẹ kan tí n kò ní dárúkọ. Ọbẹ̀ ilá ló kù. Wọ́n gbé e kaná ní ìṣẹ́jú díẹ̀ títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì jẹ ẹ́. Inú ń yí mi lóru ọjọ́ yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọbẹ̀ tó bá ti jókòó láti ọ̀sán ń di ilé fún kòkòrò tí ojú kò lè rí. Bí iná bá tilẹ̀ pa àwọn kòkòrò náà, oró tí àwọn kan nínú wọn ti tu sínú ọbẹ̀ lè má kúrò. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀sán bá ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ̀kọ àti àkàrà tí wọ́n ń dín lójú mi ni mo máa ń rà, tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun àti ẹ̀pà.

Ẹni tó ń lọ sí ẹnubodè kò sì gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ dúró de ibi tó ń lọ. Àwọn ọlọ́pàá, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù àti ìmígírésọ̀n ń dá ọkọ̀ dúró léraléra lọ́nà Ìdíìrókò, ìrìn wákàtí kan lè di mẹ́ta. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ẹni tí ebi ń pa lẹ́nubodè sì máa ń fi ìbínú dá òṣìṣẹ́ tí kì bá bá a fa wàhálà lóhùn. Ní Owódé tàbí Ajílété ni kó ti jẹun.

Láfún ni oúnjẹ tí mo máa ń bèèrè lójú ọ̀nà yìí, mo sì fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, torí àwọn tó ti ìlú ńlá wá máa ń fojú tín-ínrín rẹ̀ níbi tí àmàlà dúdú bá wà. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ilẹ̀ Ayétòrò àti gbogbo ìhà àríwá Yewa kún fún oko rẹ̀. Wọ́n á bó o, wọ́n á gé e, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ 3 sí 5 títí á fi kan, tí á sì rọ̀ débi pé ọwọ́ lè rún un. Rírẹ yìí kì í ṣe nítorí adùn nìkan. Májèlé wà lára ẹ̀gẹ́ tútù, omi àti ìkan ló ń tú u kúrò. Ẹni tó bá rẹ ẹ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo torí pé ọjà ń pè é ti rẹ́ ẹni tó máa jẹ ẹ́ jẹ. Bí wọ́n bá kó o jáde, wọ́n á sá a sóòrùn títí á fi gbẹ kankan, wọ́n á wá gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Ibi sísá yìí ló ń bà mí nínú jẹ́. Etí títì ni ọ̀pọ̀ ń sá a sí, nítorí ọ̀dà ń gbóná, ó sì ń tètè gbẹ ẹ́, ni eruku àti èéfín ọkọ̀ bá ń bà lé e. Bí yanrìn bá ṣe "kẹ́ẹ́" láàárín eyín yín nínú òkèlè, ibẹ̀ ló ti wá. Olóúnjẹ tó bìkítà máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta èlùbọ́ fún un bóyá orí tapólì ni wọ́n sá a sí tàbí orí títì.

Mo ti jókòó wo ìyá kan ní Ìlaròó bí ó ṣe ń rò ó. Ó wà lórí àpótí kékeré, irin gígùn méjì tó di ìkòkò mú wà lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kí ìkòkò má baà yí. Omi hó, ó bu ìdajì rẹ̀ sínú igbá sápá kan. Ó da èlùbọ́ sínú èyí tó kù, ó fi omorogùn pa á lura, ó ń fi gbogbo apá rò ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, kò sì sọ̀rọ̀ títí gbogbo kókó fi tú. Lẹ́yìn náà ló da omi gbígbóná tó bù sápá kan lé e lórí, ó dé e, ó jẹ́ kó hó fún ìgbà díẹ̀, ó tún ṣí i, ó tún rò ó. Ooru yẹn ló mú kó jinná dénú. Láfún tó jinná ń dán, ó funfun bí aṣọ, kì í lẹ̀ mọ́ ìka. Èyí tí kò jinná máa ń ní ìyẹ̀fun nínú bí ẹ bá là á sí méjì, kò sì yẹ kí oníbàárà tijú láti dá a padà. Òórùn rẹ̀ kan díẹ̀díẹ̀, bí ti omi ọ̀gì. Ẹni tí kò fẹ́ràn òórùn yìí lè jẹ ẹ̀bà, n kò bá a jà.

Ní ayé àtijọ́, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọ̀nà kò rí báyìí. Ní December 1825, Hugh Clapperton, ọmọ Scotland, àti Richard Lander gba Àgbádárìgì wọ ilẹ̀ Yewa, wọ́n ń lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé. Wọ́n dúró ní Ìjanna, ìlú tí Aláàfin fi ń ṣọ́ ọ̀nà ọjà tó lọ sétí òkun. Ọba àti baálẹ̀ àwọn ìlú tí wọ́n gbà kọjá ló ń fún wọn níbi tí wọ́n á sùn, tó sì ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn náà ń fún wọn ní ẹ̀bùn padà. Arìnrìn-àjò ìgbà yẹn ní onílé ní ìlú tó ń lọ, abẹ́ òrùlé onílé náà ló ti ń jẹun. Bí onílé bá bọ́ ọ, òun ló máa dáhùn bí nǹkan kan bá ṣe é. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń bẹ̀rù oúnjẹ ọ̀nà. Bí mo bá ń rìnrìn àjò nígbà tí mo wà lọ́mọdé, gàrí àti ẹja gbígbẹ ni ìyá mi ń dì sínú àpò fún mi, á ní, "Má jẹ lọ́wọ́ ẹni tó ò mọ̀." Ọ̀rọ̀ wọn nítumọ̀. Olóúnjẹ tí kò mọ̀ mí, tí n kò mọ̀, tó sì ṣe é ṣe ká má fojú kan ara wa mọ́, òun ni mo fi inú mi lé lọ́wọ́ fún ọjọ́ yẹn. Ó yẹ ká máa rántí bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe tóbi tó nígbà tá a bá ń bá a jà nítorí ẹyọ pọ̀ǹmọ́ kan.

Lẹ́yìn náà ni ààlà dé: ní August 10, 1889, Britain àti France fọwọ́ sí àdéhùn pípín ilẹ̀. Kétu bọ́ sábẹ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ọmọ Kétu bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ fúnra rẹ̀, kọ ìwé lórí ohun tí ìpín yìí ṣe fún àwọn èèyàn wa, ó jáde ní 1976. Ààlà náà pín ilé ẹ̀kọ́, ó pín owó, ó pín èdè ìjọba. Kò rí ẹ̀kọ pín. Bí ẹ bá ré Ìdíìrókò kọjá, Igolo lẹ máa kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni ọ̀nà á gbé yín lọ sí Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Wọ́n ń ta akasa níbẹ̀, ẹ tú u, ẹ̀kọ ni. Àgbàdo kan náà ni wọ́n rẹ, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n rò. Ewé nìkan ló lè yàtọ̀: ewé eéran la fi ń pọ́n tiwa, àwọn sì máa ń fi ewé igi tíìkì pọ́n tiwọn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ̀. Lẹ́nu àwọn Fọ̀n, àkàrà ni "ata." Ẹni tá a jọ rìn lọ sí Àjàṣẹ́ lọ́jọ́ kan nawọ́ sí àwo rẹ̀, ó ní kí ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ bá òun fi ata sí i. Ọmọ náà lọ, ó sì gbé àkàrà mẹ́rin bọ̀ pẹ̀lú ọ̀yàyà. Ata gidi ti wà níwájú rẹ̀ látìgbà tó ti jókòó: wọ́n máa ń lọ ata tútù sọ́tọ̀ nínú àwo kékeré níbẹ̀, olúkúlùkù ń bu ìwọ̀n tí ẹnu rẹ̀ gbà. Lọ́dọ̀ àwọn Nàgó tí wọ́n jẹ́ Yorùbá bíi tiwa, ẹ̀kọ ni ẹ̀kọ, ata sì ni ata. Ìkíni dáadáa ní Yorùbá á ti sọ fún yín irú ẹni tí olóúnjẹ jẹ́.

Ẹ yà fún àbúlọ̀ ní Àjàṣẹ́, èyí tí wọ́n fi ooru omi sè, tó rọ̀, tó dùn díẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹja díndín àti ata jẹ. Ẹ tún béèrè wàrà. Tiwa ni pẹ̀lú. Àwọn ìyá Fúlàní tó ń gbé ìhà Ayétòrò ń fi omi ewé bòmubòmu mú kí wàrà dì, olóúnjẹ sì ń dín in sínú ọbẹ̀ bí ẹran. Lọ́hùn-ún, wagasi ló ń jẹ́, pupa sì ni wọ́n sábà máa ń ta á, torí pòròpórò ọkà bàbà ni wọ́n fi ń pa á láró kó má baà tètè bàjẹ́.

Ẹran kan wà lẹ́nubodè tí mo máa ń ṣọ́ra fún, tọ́kì inú yìnyín ni. Òfin Nàìjíríà kò gba kí wọ́n kó o wọlé, síbẹ̀ ó ń wọlé. Ohun tó ń gba inú igbó kọjá lóru lórí ọ̀kadà kò ní yìnyín tó máa bá a débi tó ń lọ. Ó lè ti yọ́, kí wọ́n tún mú un dì, kó tún yọ́, kó tó dé inú epo tí wọ́n fi dín in. Ẹran ọ̀yà tí wọ́n yan lẹ́bàá ọ̀nà, tí ẹ rí orí rẹ̀ àti ìrù rẹ̀, sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó bá ti jinná dénú.

Owó méjèèjì ni wọ́n ń ná ní Ìdíìrókò, náírà àti sẹ́fà tí wọ́n ń ná ní ìhà kejì ààlà. Ẹ ṣẹ́ owó lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ ẹ kí ẹ tó jókòó sídìí oúnjẹ, torí olóúnjẹ tó bá gba owó tí kì í ṣe ti ìlú rẹ̀ á yọ wàhálà rẹ̀ kúrò nínú ṣéńjì. Sẹ́fà so mọ́ owó euro, iye rẹ̀ kì í yí sí ti euro: sẹ́fà 655.957 ni euro kan. Náírà kò so mọ́ nǹkan kan, pàápàá láti June 2023 tí ìjọba ti jọ̀wọ́ rẹ̀ fún ọjà, iye rẹ̀ sì ti já wálẹ̀. Nítorí náà, ará wa tó lè jẹ àjẹyó ní Àjàṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ti ń dá owó sọ́tọ̀ báyìí kó tó ré kọjá, àwọn ará ọ̀hún sì ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa.

Ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè ní August 2019. Nígbà tí wọ́n ṣí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ní December 2020, wọn kò ṣí Ìdíìrókò. Ó di April 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Ilé oúnjẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tó ń kọjá kò ní oníbàárà mìíràn, ohun tó lé ní ọdún méjì ààbọ̀ sì pọ̀ fún ìkòkò láti dojú dé.

Nígbà tí mo gba ibẹ̀ kọjá kẹ́yìn, ìyá àgbà kan tó ti Sakété wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ǹṣì. Ó tú ẹ̀kọ méjì tó gbé láti ilé, ewé tíìkì gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi pọ́n ọn, ó ra ẹja kan lọ́wọ́ olóúnjẹ, wọ́n sì bu ọbẹ̀ lé e fún un. Kó tó fọwọ́ kàn án, ó kọjú sí mi. "Ẹ wá jẹun." Mo ní, "Á gba ibi ire, Màmá." Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, náírà ló fi san owó ẹja, olóúnjẹ kò ní ṣéńjì, ó sì fún un ní ẹyọ sẹ́fà kan lé e. Ìyá náà wò ó, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, ó ká ewé tíìkì méjèèjì mọ́ra, ó kó wọn padà sínú àpò.